Kọ́lẹ́ẹ̀jì pa ìdánwò kọ̀ǹpútà tì: báwo la ó ṣe mọ kíláàsì ìkọ̀wé tó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun?

Olùkọ́_101

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó ń wọlé ní oṣù kẹjọ máa ń tó 600. Látẹ̀yìnwá, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń pín wọn. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga tó, tààrà ló ń lọ sí kíláàsì ìkọ̀wé àkọ́kọ́ tó ní kírẹ́dítì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní 101. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá tó á kọ́kọ́ lọ jókòó sí kíláàsì àtúnkọ́ fún sẹ́mẹ́sítà kan, nígbà mìíràn méjì. Kírẹ́dítì ibẹ̀ ò ní kà fún ìwé ẹ̀rí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ á sanwó rẹ̀.

Wọ́n ti ní kí ẹ̀ka pa ìdánwò náà tì kí ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó wọlé, wọn ò sì sọ ohun tá a máa fi rọ́pò rẹ̀. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀: ká máa wo máàkì sẹ́kọ́ńdìrì; ká ní kí olúkúlùkù kọ àròkọ ká sì kà á fúnra wa; tàbí ká jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yan kíláàsì fúnra rẹ̀. Èwo ló ń ṣiṣẹ́, kí ló sì máa ń bà á jẹ́? Àti pé bí gbogbo wọn bá wá pọ̀ nínú 101, kí ni olùkọ́ ń ṣe nígbà tí ẹnì kan ń kọ ojú ìwé márùn-ún tí ẹnì kejì ò tíì lè parí ìpínrọ̀ kan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé ó kù sọ́wọ́ oníkálukú. Iye wákàtí, iye ènìyàn, ohun tó yẹ kó wà nínú fọ́ọ̀mù: ìyẹn gan-an ni mò ń wá.

Àgbà_Alákòóso

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí tí ìdánwò yẹn fi kùnà bẹ̀rẹ̀, torí ẹ lè lé e jáde lẹ́nu ọ̀nà kó tún gba ojú fèrèsé wọlé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn kọ nǹkan kan. Ó ń gbé gbólóhùn kalẹ̀, ó ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú A, B, C tàbí D, kó sọ ibi tí kọ́mà yẹ kó wà. Ènìyàn lè mọ ibi tí kọ́mà ń wà kó má lè gbé ìdí kan kalẹ̀ lórí ìwé, ènìyàn sì lè ṣi kọ́mà lò kí ìrònú rẹ̀ já gaara. ACT, iléeṣẹ́ tó ni COMPASS, ọ̀kan nínú irú ìdánwò yìí, ló fúnra rẹ̀ dá a dúró ní 2016. Òmíràn, ACCUPLACER ti iléeṣẹ́ College Board, ṣì wà. Ó ní apá kan tí wọ́n ti ń kọ àròkọ, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ń fún àròkọ náà ní máàkì.

Ní 2012, Judith Scott-Clayton ní Yunifásítì Columbia gbé ìwádìí jáde lórí irú ìdánwò báyìí. Nínú àwọn tó ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló bọ́ sí kíláàsì tí kò yẹ ẹ́ rárá. Àwọn tí wọ́n gbé sílẹ̀ jù, tí ì bá sì ṣe dáadáa ká ní wọ́n jẹ́ kó wọ 101, pọ̀ ju àwọn tí wọ́n gbé sókè jù lọ. GPA sẹ́kọ́ńdìrì, ìyẹn ìpíndọ́gba gbogbo máàkì ibẹ̀ lórí òṣùwọ̀n tó ga dé 4.0, sọ àsọtẹ́lẹ̀ tó sàn ju ìdánwò lọ, ìdí rẹ̀ ò sì ṣòro: iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń wá sí kíláàsì, ó mọ ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò. Ohun tí 101 ń béèrè nìyẹn.

California ló sọ wíwo máàkì sẹ́kọ́ńdìrì di òfin. Wọ́n fọwọ́ sí AB 705 ní 2017, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì sì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e láti oṣù kẹjọ 2019. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde fún Gẹ̀ẹ́sì rọrùn: GPA 2.6 sókè, 101 láìsí àfikún, 1.9 sí 2.6, 101 pẹ̀lú àfikún ìrànlọ́wọ́, ìsàlẹ̀ 1.9, 101 kan náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tẹnu mọ́ àfikún náà gidigidi. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹni tí wọ́n ní kó lọ jókòó sí kíláàsì àtúnkọ́ lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí kíláàsì àtúnkọ́ méjì ń ṣe fún ènìyàn. Ẹ mú 100 akẹ́kọ̀ọ́. Ká sọ pé 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yege ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, máàkì tí olùkọ́ èyíkéyìí á fi yangàn. Ká tún sọ pé nínú àwọn tó yege, 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń forúkọ sílẹ̀ fún èyí tó kàn. 100 di 80, 80 di 64, 64 di 51, 51 di 41, 41 di 33. Bí 101 bá fi máa parí, ènìyàn 33 ló kù, kò sì sí kíláàsì kan tẹ́ ẹ lè nàka sí pé ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń já bọ́: ẹni tí wọ́n yí àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ padà, ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ti gbà pé wọ́n ti sọ fún òun pé òun kì í ṣe ara àwọn tó ń lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Bí ẹ bá máa ṣàṣìṣe, ẹ ṣe é sí òkè. Ẹni tẹ́ ẹ gbé sókè jù, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ ó ti rí i, ẹ ó sì lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tẹ́ ẹ gbé sílẹ̀ jù kì í ṣeé rí. Á yege kíláàsì àtúnkọ́ ní ìrọ̀rùn, ẹ ó sì máa rò pé kíláàsì yẹn ló tún un ṣe.

Atọ́nà

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Àgbà, àmọ́ GPA ò bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ nǹkan kan nípa ohun tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yan fúnra rẹ̀ ò túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ kó kíláàsì síwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ ní kó mú èyí tó wù ú. Daniel Royer àti Roger Gilles ní Grand Valley State University, Michigan, kọ nípa rẹ̀ ní 1998, "directed self-placement" ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ yẹn làwọn ènìyàn máa ń fò: ẹ gbọ́dọ̀ tọ́ ọ sọ́nà kó tó yàn.

Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ nìyí. Àkọ́kọ́, ojú ìwé kan tó sọ bí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ṣe rí, kì í ṣe bí ìwé kátálọ́ọ̀gì ṣe sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wàá ka ojú ìwé 15 sí 20. Wàá kọ àròkọ mẹ́rin. Èyí tó kẹ́yìn á tó ojú ìwé mẹ́fà. Wàá tún ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan." Ẹ fi ìwé iṣẹ́ gidi kan láti ọ̀sẹ̀ kẹta mọ́ ọn, àti àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gba B, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó kọ ọ́ àti láìsí orúkọ rẹ̀. B ni mo sọ o. Bí ẹ bá fi ti A hàn wọ́n, ìdajì wọn á sá.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ìtọ́wò: kó ka àpilẹ̀kọ olójú ìwé méjì sí mẹ́ta, kó fi ọ̀rọ̀ 300 sí 500 sọ ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ àti ohun tí òun náà rò. Ẹnikẹ́ni ò ní fún un ní máàkì. Ìwúlò rẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bó ṣe rí lára òun.

Ìbéèrè wá kàn, mẹ́wàá sí méjìlá tó. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ má bi í pé "Ṣé o mọ ìwé kọ?" Ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú á ní òun ò mọ̀ ọ́n kọ, kódà bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń dán. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù á ní òun mọ̀ ọ́n. Ohun tó ti ṣe ni kẹ́ ẹ béèrè: "Lọ́dún tó lo kẹ́yìn nílé ìwé, àròkọ mélòó lo kọ tó ju ojú ìwé mẹ́ta lọ?" "Ṣé o ti lo ìwé méjì tí kò fẹnu kò nínú àròkọ kan rí?" "Nígbà tí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ sára iṣẹ́ rẹ, ṣé o tún un kọ, àbí o kàn wo máàkì?" "Nígbà tó o ka àpilẹ̀kọ yìí, ìgbà mélòó lo padà sẹ́yìn kí ó tó yé ọ?" "Wákàtí mélòó lo fi ń ṣiṣẹ́ owó lọ́sẹ̀?" Èyí tó kẹ́yìn yẹn ò kan ìkọ̀wé, àmọ́ ó kan bóyá á ráyè fún wákàtí àfikún.

Gbogbo rẹ̀ á gba ìṣẹ́jú 60 sí 90, nílé, kí ìforúkọsílẹ̀ tó ṣí. Bí ẹ bá ṣe é lórí ìlà lọ́jọ́ ìkíni káàbọ̀, tí ẹlòmíràn ń dúró lẹ́yìn, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n máa fi parí rẹ̀. Ohun tí ọ̀rẹ́ wọn mú ni wọ́n máa mú. Ohun kejì tó ń bà á jẹ́ ni agbaninímọ̀ràn ilé ìwé tó ń yí ìpinnu padà nítorí pé kíláàsì kan ti kún. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka máa ro ìdáhùn pọ̀ níkọ̀kọ̀, kí àpapọ̀ rẹ̀ máa pinnu. Ìdánwò lẹ tún dá sílẹ̀ yẹn, àfi pé ẹ ò sọ fún ẹni tó ń ṣe é.

Òǹkàwé_Kejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà pé kí ẹnikẹ́ni má ka ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ. Bí olùkọ́ 101 ò bá tíì rí ìwé rẹ̀ kí sẹ́mẹ́sítà tó bẹ̀rẹ̀, afọ́jú ń tọ́ afọ́jú ni. Kíkà ṣeé ṣe. Ó kàn ní ìṣirò tirẹ̀, àwọn tó ń kígbe pé kò ṣeé ṣe kì í sì í ṣe ìṣirò náà.

Àròkọ 600, òǹkàwé méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkàwé 1,200 nìyẹn. Òǹkàwé tó ti mọ́ lára ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ka ọ̀kan, torí àròkọ lódindi ló ń wò, kò tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀. Wákàtí 60 nìyẹn. Ẹ fi 60 àròkọ kún un fún òǹkàwé kẹta, ìyẹn àwọn tí máàkì òǹkàwé méjèèjì fi ju ẹyọ kan lọ jìnnà síra. Wákàtí mẹ́ta míì. Pín 63 sí ọ̀nà mẹ́jọ, ó dín díẹ̀ ní wákàtí mẹ́jọ fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ni, pẹ̀lú wákàtí méjì fún ìmúra. Ẹ sanwó fún wọn.

Ìmúra yẹn ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà. Alága á ti yan àròkọ mẹ́jọ sílẹ̀, láti èyí tó lágbára dé èyí tí kò lágbára, méjì nínú wọn á sì jẹ́ oníjàngbọ̀n: ọ̀kan tí gírámà rẹ̀ mọ́ tónítóní ṣùgbọ́n tí kò sọ nǹkan kan, ọ̀kan tó kún fún àṣìṣe ṣùgbọ́n tó ní ohun gidi láti sọ. Olúkúlùkù á kà á, á fún un ní máàkì láìsọ̀rọ̀, ẹ ó wá na ọwọ́ sókè. Ẹni tó fún un ní 2 á ṣàlàyé fún ẹni tó fún un ní 5. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an títí gbogbo ènìyàn á fi wà láàárín ẹyọ kan síra. Kí òṣùwọ̀n jẹ́ 1 sí 6. Bó bá jẹ́ 1 sí 5, gbogbo ẹni tí kò dá lójú ló máa sá sí 3. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ tún fi àròkọ méjì dánra wò, torí ojú tó rẹ̀ máa ń le ju ojú àárọ̀ lọ.

Ìbéèrè àròkọ náà ni ìdajì ìṣòro. Ẹ má ní kí wọ́n kọ nípa ọjọ́ tó burú jù láyé wọn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú á kọ ọ́ fún yín, ẹ ó sì fún un ní 3. Ẹ má béèrè ohun tó ń fẹ́ ìmọ̀ àkànṣe. Ẹ fún wọn ní àpilẹ̀kọ ọlọ́rọ̀ 600 sí 800 tó ń jà fún nǹkan kan, kí wọ́n sọ ohun tó ń jà fún, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti gbà pẹ̀lú rẹ̀ tàbí tí wọn ò ti gbà. Ìṣẹ́jú 90, kì í ṣe 30. Ní ìṣẹ́jú 30, ohun tẹ́ ẹ máa kà ni àròkọ onípìnrọ̀ márùn-ún tí wọ́n ti há sórí láti sẹ́kọ́ńdìrì: ìfáàrà, ìdí mẹ́ta, ìparí.

Bí òṣùwọ̀n 1 sí 6 bá sì ń dà yín láàmú, ọ̀nà kan wà tí wọ́n lò ní Yunifásítì Pittsburgh: olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì kan ló ń sọ bóyá ẹni tó kọ ìwé yìí yẹ kíláàsì òun. Kò sí máàkì rárá. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó gbé e fún olùkọ́ kíláàsì kejì. Ó yára jù, torí olùkọ́ mọ ẹni tó ń jókòó níwájú rẹ̀ ju bó ṣe mọ ìtumọ̀ "4" lọ.

Olùkọ́_101

Ẹ ṣeun gan-an ni, ìṣirò wákàtí yẹn ló gbà mí. Ìbéèrè kékeré kan: àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè àkọ́kọ́ wọn ńkọ́? Òṣùwọ̀n 1 sí 6 yẹn á pa wọ́n lára, àbí?

Elédè_Méjì

Á pa wọ́n lára bí òǹkàwé bá ń ka àṣìṣe. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì pín sí, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ẹni tó ti parí sẹ́kọ́ńdìrì ní èdè míì, ojú ló fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé. Ó mọ orúkọ òfin gírámà ju olùkọ́ rẹ̀ lọ, àmọ́ kò yára. Ẹni tó dàgbà ní Amẹ́ríkà nínú ilé tí wọn ò ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, etí ló fi kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ já geere, ẹ ò lè mọ̀ lórí fóònù pé èdè kejì ni, ṣùgbọ́n lórí ìwé ó ń kọ ohun tó gbọ́: ìparí ọ̀rọ̀ tí ahọ́n ń gbé mì, bí "-ed" àti "-s", kì í sí níbẹ̀. Kíláàsì tó dáa fún ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ ìfìyà-jẹni fún ìkejì. Ẹ béèrè nínú fọ́ọ̀mù: "Èdè wo lo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé?" Ó wúlò ju "Kí ni èdè àkọ́kọ́ rẹ?" lọ.

Mina Shaughnessy, tó ń kọ́ni ní City College ní New York nígbà tí yunifásítì ìlú náà, CUNY, tí City College jẹ́ ara rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó parí sẹ́kọ́ńdìrì níbẹ̀ ní 1970, ló fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1977 pé àṣìṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ní ètò. Àwa tá a ń sọ Yorùbá ò nílò ẹ̀rí púpọ̀. "Ó" wa kan ṣoṣo ń dúró fún ọkùnrin, obìnrin àti ohun tí kò lẹ́mìí, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ro ó ní Yorùbá á kọ "he" fún ìyá rẹ̀. "Wá" kì í yí ìrísí padà bóyá àná ni tàbí òní. "Ìwé mẹ́ta" ò nílò "s" kankan, "mẹ́ta" ti sọ iye rẹ̀. Wọ́n ní amúùkún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Bí àṣìṣe ogún bá wà nínú ojú ìwé kan, ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́. Ó sábà máa ń jẹ́ ohun mẹ́ta péré tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ní ohun mẹ́ta láti tún ṣe kì í ṣe ẹni tí kò mọ ìwé kọ.

Ìyá_Àròkọ

Ẹ ti pín wọn tán, ẹ jẹ́ ká kọ́ wọn o. Ìbéèrè kejì yẹn ló ká mi lára jù.

Àwòṣe tó ṣe kedere jù ni ti Community College of Baltimore County, níbi tí Peter Adams àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Kíláàsì 101 kan, ènìyàn 20. Méjìlá nínú wọn ni ẹni tó yege tààrà, mẹ́jọ ni ẹni tí ìdánwò ì bá gbé sílẹ̀. Gbogbo wọn jọ ń ṣe 101 kan náà, iṣẹ́ kan náà, máàkì kan náà. Lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́jọ náà ń dúró pẹ̀lú olùkọ́ kan náà fún kíláàsì kékeré. Olùkọ́ kan náà, mo tún un sọ. Bó bá jẹ́ olùkọ́ míì, kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, á dá ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn á wá ní kọ́ọ̀sì méjì dípò kan.

Kí lẹ ń ṣe ní wákàtí àfikún yẹn? Ìwé ìdánrawò gírámà kọ́ o. Ẹ ka ìwé iṣẹ́ tó ń bọ̀ pọ̀, kí ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Á yà yín lẹ́nu bí ìdajì ìfìdírẹmi 101 ṣe ń tibẹ̀ wá: wọ́n ní kó ṣàgbéyẹ̀wò, ó ń sọ ìtàn náà padà. Ẹ fi ìṣẹ́jú 20 kọ nǹkan níbẹ̀, lórí iṣẹ́ gan-an, kí ẹ máa rìn káàkiri. Ẹ ka àpilẹ̀kọ tí kíláàsì ńlá máa jíròrò lọ́la ṣáájú, kí àwọn mẹ́jọ náà lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ tí àròkọ bá padà, kí olúkúlùkù mú gbólóhùn mẹ́ta nínú tirẹ̀ kó tún wọn ṣe. Gírámà tó ń bọ̀ látinú ìwé ara ẹni máa ń dúró lọ́kàn. Àyè á sì kù fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọmọ, àti àsìkò iṣẹ́, torí ohun tó ń lé wọn kúrò níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ìkọ̀wé.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ìṣẹ́jú 40, àròkọ kúkúrú nínú kíláàsì, kò sí máàkì. Ẹ máa wo bóyá ó lè di èrò kan mú kọjá ìpínrọ̀ kan, bóyá ó lè sọ ohun tí òǹkọ̀wé míì sọ láì yí i po. Àṣìṣe, ẹ kàn kọ ọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà níbi tí kò yẹ ẹ́, kí ó kúrò kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, kí àkókò ìyípadà orúkọ tó pa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kọ́ ọ níbi tó wà.

Ní ti ẹni tó ń kọ ojú ìwé márùn-ún àti ẹni tí ìpínrọ̀ ń dà láàmú: ẹ má yí iṣẹ́ padà, ẹ yí ìgbésẹ̀ padà. Ẹ gé iṣẹ́ sí mẹ́rin tó ń fi ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta jìnnà síra: àkọsílẹ̀ lórí ohun tí wọ́n kà, ìpínrọ̀ kan tó gbé ìdí kan kalẹ̀, àkọ́kọ́ṣe odindi, àtúnkọ. Ẹni tó lágbára á fi ìgbésẹ̀ kejì ṣe ojú ìwé kan, kò burú. Ẹni kejì ò ní jókòó síwájú ojú ìwé funfun lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn.

Lórí ìwé wọn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó: ọ̀kan lórí ohun tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan lórí èrò, ọ̀kan lórí ọ̀wọ́ àṣìṣe kan ṣoṣo. Fún àṣìṣe yòókù, ọ̀nà tí Richard Haswell kọ nípa rẹ̀ ní 1983 ṣì dára: ẹ fa ìlà kékeré kan sí etí ìlà tí àṣìṣe wà, ẹ má sọ ohun tó jẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá a rí kí ẹ tó kọ máàkì sílẹ̀. Ìwé tó kún fún yíǹkì pupa, máàkì nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀.

Gbogbo èyí ń fẹ́ kíláàsì kékeré. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìkọ̀wé, CCCC, sọ pé kí kíláàsì ìkọ̀wé má ju 20 lọ, 15 ló dáa jù, kí olùkọ́ kan má sì ní ju akẹ́kọ̀ọ́ ìkọ̀wé 60 lọ ní sẹ́mẹ́sítà kan. Bí wọ́n bá fún yín ní kíláàsì márùn-ún oníyè 27, ẹ má gbìyànjú ọ̀rọ̀ mẹ́ta lórí àkọ́kọ́ṣe gbogbo ènìyàn. Ẹ pè wọ́n ní mẹ́ta mẹ́ta, ìṣẹ́jú 20, kí wọ́n ka tiwọn sókè.

Òǹkàwé_Kejì

Ọ̀rọ̀ Ìyá dùn, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Nígbà tí wọ́n bá kó gbogbo ènìyàn sí 101 láìfi owó kún un, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ ni pé C á bẹ̀rẹ̀ sí í rọrùn. Ẹnikẹ́ni ò ní kéde rẹ̀. Ẹ máa wo àwọn tó yege nígbà tí wọ́n bá dé kọ́ọ̀sì ìkọ̀wé kejì. Ibẹ̀ ni irọ́ ti ń hàn.

Àgbà_Alákòóso

Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iye ìdá tó yege nínú 101 dẹ́rù bà yín. Àpẹẹrẹ: nínú 600, 300 wọ 101 tààrà, 240 yege, 80 nínú ọgọ́rùn-ún. 300 yòókù wọ àtúnkọ́, 90 nínú wọn dé 101 tí wọ́n sì yege kí ọdún tó pé. Àpapọ̀ 330. Nínú ètò tuntun, gbogbo 600 wọ 101, 420 yege. Ìdá tó yege já láti 80 sí 70, ọ̀gá ilé ìwé á sì béèrè ohun tó bàjẹ́. Nǹkan kan ò bàjẹ́. Ènìyàn 90 ló fi pọ̀ sí i. Ohun tí ẹ máa kà ni iye àwọn tó wọlé lóṣù kẹjọ tó yege 101 kí oṣù kẹjọ kejì tó dé. Ẹ kà á bákan náà fún kọ́ọ̀sì kejì tí Òǹkàwé sọ. Ẹ bẹ rẹ́jísítrà fún nọ́ńbà ọdún mẹ́ta tó kọjá báyìí, kí ètò tó yí padà. Lẹ́yìn tí ó bá ti yí, kò sẹ́ni tó máa ráyè wá a fún yín.

Olùkọ́_101

Mo dúpẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí mo ń gbé lọ sí ìpàdé ni pé GPA á dábàá, fọ́ọ̀mù Atọ́nà á jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ pinnu, iṣẹ́ ìtọ́wò rẹ̀ á sì lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó bẹ̀rẹ̀, láìsí máàkì. Ìgbà wo ni kí fọ́ọ̀mù náà jáde?

Atọ́nà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìforúkọsílẹ̀ tó ṣí. Ẹ rán ìránnilétí ní ọjọ́ kẹwàá àti ọjọ́ kejìdínlógún. Ẹni tí kò bá ṣe é, ẹ lo GPA rẹ̀. Bí kò bá ní, 101 pẹ̀lú àfikún. Ẹ dán fọ́ọ̀mù náà wò lára akẹ́kọ̀ọ́ 101 mẹ́wàá tó wà nílé ìwé báyìí, kí wọ́n ka ìbéèrè sókè níwájú yín. Ibi tí wọ́n bá ti dákẹ́ tí wọ́n sì wojú yín, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa tún kọ nìyẹn.